Mo ra ilé oníyàrá mẹ́jọ ní Ìkòròdú lówó pọ́ọ́kú: ohun tí ojú mi rí

Oṣù Kejì ọdún 2021 ni mo ra ilé náà, ní àdúgbò kan lẹ́yìn Ìgbógbó. Yàrá mẹ́jọ ni, mẹ́rin kọjú sí mẹ́rin, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gba àárín wọn kọjá, ilé ìdáná kan, balùwẹ̀ méjì, ṣálángá kan lẹ́yìn. Náírà 6,200,000 ni mo san. Owó yẹn kò lè ra ilẹ̀ lásán ní Kétu níbi tí mo ti ń ta páìpù àti ẹnu ẹ̀rọ omi, àmọ́ ní Ìkòròdú ó ra ilé tí èèyàn ń gbé inú ẹ̀. Àwọn tó ń bi mí bóyá káwọn náà lọ rà ti wá pọ̀ jù, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi owó bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tan èèyàn. Ìṣirò tí éjẹ́ńtì gbé síwájú mi rèé: yàrá kan 4,000 náírà lóṣù, yàrá mẹ́jọ 32,000, ọdún kan 384,000. Lọ́dún àkọ́kọ́, 200,000 gééré ló wọlé. Yàrá méjì ṣófo fún oṣù márùn-ún. Àwọn ayálégbé mẹ́ta kò san kọ́bọ̀. Wọ́n ti ń jẹ onílé àná ní gbèsè kí n tó dé, wọ́n sì ń bá a lọ lọ́dọ̀ mi bí ẹni pé kò sí ohun tó yí padà. Ẹni bá ra ilé tí èèyàn wà nínú ẹ̀, ó ra ìwà wọn mọ́ ọn. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí onílé kó rìsíìtì owó ilé oṣù méjìlá jáde fún yín, ti yàrá kọ̀ọ̀kan. Èmi ò béèrè.

Ògiri ló dùn mí jù. Lọ́jọ́ tí mo lọ wo ilé náà, ọ̀dà tuntun ń rùn níbẹ̀, mo tilẹ̀ yin onílé pé ó mọ ilé tọ́jú. Nígbà tí oṣù Kẹfà dé, òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n sì pè mí. Mo ká ìró mi sókè wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, omi dé mi ní agbedeméjì ojúgun. Bẹ́ẹ̀dì ọmọdé kan wà lórí tábìlì, ìyá ẹ̀ gbé e pọ̀n. Lẹ́yìn tí omi fà, ọ̀dà náà bẹ̀rẹ̀ sí í bó bí èèpo iṣu tó jinná, abẹ́ ẹ̀ ni mo ti wá rí i: ìlà dúdú kan tó gba ara ògiri lọ gbọọrọ láti yàrá kìíní dé ìkẹjọ, ó tọ́ bí ẹni pé bíríkìlà fi okùn fà á. Ìka mẹ́rin ni ìlà yẹn fi ga ju ibi tí omi tiwa dé. Ìyẹn ni pé omi ti wọ ilé náà rí, ó sì pọ̀ ju èyí tí mo rí lọ. Ìyá Ẹlẹ́kọ, tó ti ń gbé ibẹ̀ kí n tó mọ ọ̀nà Ìgbógbó rárá, dúró tì mí. Ó ní, "Mọ̀mí, a rò pé wọ́n ti sọ fún yín ni."

Tí ẹ bá fẹ́ ra ilé olówó pọ́ọ́kú níhìn-ín, oṣù Kẹfà tàbí oṣù Kẹwàá ni kí ẹ lọ wò ó, kí òjò máa rọ̀ lọ́wọ́. Ẹ fi èékánná họ ọ̀dà níbi tó sún mọ́ ilẹ̀. Àwọn ayálégbé ni kí ẹ bi, kì í ṣe éjẹ́ńtì. Ẹ ra nǹkan lọ́wọ́ ẹni tó ń tajà níwájú ilé, kí ẹ sì jẹ́ kó sọ̀rọ̀.

Àtúnṣe gba 1,700,000. A da yanrìn, a gbé ilẹ̀ yàrá sókè, a la gọ́tà, a dí ṣálángá, a gbẹ́ sọ́kàwè, ihò tí omi ìdọ̀tí ń wọ̀ lọ. Ọpẹ́lọpẹ́ pé èmi fúnra mi ni mo ń ta páìpù, ì bá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ tí yanrìn balẹ̀ ni àwọn ọmọ onílẹ̀ dé, wọ́n ní kí n wá sanwó ìpìlẹ̀ lórí ilé tó ti dúró kí wọ́n tó bí àwọn kan nínú wọn. Òfin ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2016 tó de àwọn ajagungbalẹ̀ ni lọ́yà mi kà fún wọn níwájú baálẹ̀, ọ̀rọ̀ sì tán síbẹ̀.

Ìwé ilé náà kò kó mi síyọnu. Rìsíìtì ẹbí wà, sọ̀fíè tó fi ìwọ̀n àti ààlà ilẹ̀ hàn wà, lọ́yà sì ti mú sọ̀fíè náà dé Aláùsá ká tó sanwó, kí wọ́n bá wa wò ó bóyá ilẹ̀ náà bọ́ sínú èyí tí ìjọba ti gbà. Kò bọ́ sí i. Àmọ́ kò ní C of O, ìwé tí ìjọba fi ń jẹ́rìí pé èèyàn lẹ́tọ̀ọ́ sí ilẹ̀. Láti ìgbà òfin ilẹ̀ ọdún 1978, ọwọ́ gómìnà ni ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wà, mo sì ṣì ń lé ìwé yẹn títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ọdún 2022 dára. Yàrá mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ kún, mo gbé owó ilé sí 5,000, kò sẹ́ni tó bá mi jà. Mo rò pé mo ti mọ ilé ṣe. Lọ́jọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ tuntun kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Epo tó wà ní nǹkan bíi 190 náírà fún lítà kan fò kọjá 480, nígbà tó fi máa di oṣù Keje, ó ti di 617. Mi ò tètè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ilé mi ni.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà ní yàrá karùn-ún, Ìkẹjà ló ti ń ṣiṣẹ́. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ló ń jáde. Kì í jẹ gbèsè. Nígbà tó jẹ mí ní oṣù mẹ́ta, inú bí mi, mo lọ bá a lálẹ́ ọjọ́ Sátidé. Ó gbé àga fún mi, ó mú ìwé kan jáde. Ó ti kọ gbogbo ẹ̀ síbẹ̀: kẹ̀kẹ́ dé Sábó, BRT (bọ́ọ̀sì tó ní ọ̀nà tirẹ̀) dé Maili 12, dánfó dé Ìkẹjà, 1,200 ní àlọ, 1,200 ní àbọ̀, ọjọ́ méjìlélógún lóṣù. Ó fa ìlà sábẹ́ ẹ̀: 52,800. Owó oṣù ẹ̀ jẹ́ 75,000. Ó ní, "Mọ̀mí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ọkọ̀ ló ń gba owó ilé yín."

Mo mú ìwé yẹn lọ sílé, mo ṣì tọ́jú ẹ̀. Òun ló la ojú mi. Ohun tó mú kí owó ilé kéré ní Ìkòròdú ni pé ó jìnnà síbi iṣẹ́. Látìgbà tí wọ́n ti ṣí ọ̀nà BRT láti Maili 12 dé Ìkòròdú lọ́dún 2015, ọ̀pọ̀ èèyàn ń sùn níhìn-ín, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà àti Erékùṣù. Ohun tí wọ́n fi pamọ́ lórí owó ilé ni wọ́n ń kó fún ọlọ́kọ̀. Bí owó ọkọ̀ bá ti gòkè, inú owó ilé ni wọ́n máa kọ́kọ́ ti gé e. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kó lọ bá ọ̀rẹ́ ẹ̀ ní Ọjọ́ta nínú oṣù Kọkànlá. Àwọn mẹ́ta míì tẹ̀ lé e kí ọdún tó yí po.

Àwọn kan gbà mí nímọ̀ràn pé kí n ká páànù lórí ẹni tó kù tó jẹ gbèsè. Mi ò ṣe é, inú mi sì dùn pé mi ò ṣe é. Òfin ilé gbígbà ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 kò fún onílé láyè láti fipá lé èèyàn jáde. Ẹni tó ń san lóṣooṣù, ìwé ìkìlọ̀ oṣù kan pé kó kó jáde ni ẹ máa fún un. Ẹni tó ń san lọ́dọọdún, oṣù mẹ́fà, bí kò bá sí ohun míì nínú àgíríìmẹ́ǹtì. Lẹ́yìn náà ni ìwé ọjọ́ méje, kí ẹ tó gba kọ́ọ̀tù lọ. Oṣù mẹ́jọ ni tèmi gbà, owó lọ́yà sì ju gbèsè tí ẹni náà jẹ lọ.

Nígbà tí mo fẹ́ fi èèyàn kún àwọn yàrá tó ṣófo padà, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo kọ́kọ́ ń bi ẹni tó bá wá: níbo lẹ ti ń ṣiṣẹ́? Tó bá jẹ́ pé ó ní láti gun afárá Májídùn jáde kúrò ní Ìkòròdú lójoojúmọ́, mo máa ń sọ òótọ́ nípa owó ọkọ̀ fún un. Ní báyìí, olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan wà níbẹ̀, àwọn méjì tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ní Odògúnyàn, akẹ́kọ̀ọ́ méjì láti Poli ìpínlẹ̀ Èkó àná tó di yunifásítì lọ́dún 2022, fọganáísà kan, aránṣọ kan, àti Ìyá Ẹlẹ́kọ tí kò ṣí kúrò. Yàrá kan ti di 9,000. Lọ́dún tó kọjá, gbogbo 864,000 ló pé. Ká fi wé mílíọ̀nù 7.9 tí mo ná, bíi náírà 11 ló ń wọlé lórí 100.

Iná kò dáa. Ẹ̀gbìn, ilé-iṣẹ́ amúnáwá tó ń lo gáàsì tó tóbi jù ní Nàìjíríà, Ìjẹdè níbí ló wà, síbẹ̀ a lè má rí iná fún ọjọ́ méjì, ó sì ń dùn mí gan-an. Mítà kan ṣoṣo tí gbogbo ilé ń lò tẹ́lẹ̀ fa ìjà tó pọ̀. Mo pín in sí yàrá kọ̀ọ̀kan, ariwo dáwọ́ dúró.

Èrè tí mi ò retí wá láti ara sìmẹ́ńtì. Ìgbà tí mo ra ilé, báàgì kan kò tíì tó 5,000. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, ó kọjá 10,000. Kò sẹ́ni tó lè fi owó mi kọ́ irú ilé yẹn mọ́, ẹnìkan sì ti fi 13,000,000 lọ̀ mí. Ẹ má jẹ́ kí iye yẹn dá yín lójú jù. Nǹkan bíi 480 náírà ni dọ́là kan nígboro lọ́jọ́sí, ó ti kọjá 1,500 lẹ́yìn náà. Tí mo bá tà á lónìí, owó tí mo máa gbà kò lè ra ohun tí owó àná rà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun tẹ́ ẹ fẹ́ rà á kẹ́ ẹ wá fi sọ́wọ́ kiatéká, ẹ má rà á. Irú ilé yìí ń fẹ́ onílé tó lè dé ibẹ̀ lọ́jọ́ tí òjò bá ń rọ̀, tó sì lè jókòó ti ayálégbé kó ka ìwé owó ọkọ̀. Èmi máa ra òmíràn. Wọ́n ti fi ọ̀kan lọ̀ mí ní Ìmọ̀tà, yàrá mẹ́fà, ọ̀dà ẹ̀ ń dán. Mo ti ní kí éjẹ́ńtì dúró dìgbà tí òjò oṣù Kẹfà bá bẹ̀rẹ̀.