Ọkọ̀ Ojú Irin Àbújá sí Kàdúná: Ẹ̀ṣọ́ Wà Nínú Ọkọ̀, Ta Ló Ń Ṣọ́ Irin?

Láti Idu ní Àbújá ni mo ti wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Rigasa ní Kàdúná, nítorí pé àwọn ará ilé mi tó wà lọ́hùn-ún ti fi dandan lé e pé n kò gbọdọ̀ gba títì. Kí wọ́n tó ta tíkẹ́ẹ̀tì fún mi, wọ́n gba nọ́ńbà ìdánimọ̀ mi, òfin tí ìjọba gbé kalẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ ọkọ̀ náà tún bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2022. Àyè ìjókòó mọ́ tónítóní. Ọlọ́pàá kan tó gbé ìbọn kọ́ èjìká ń lọ, ó ń bọ̀, ìyá Hausa tó jókòó tì mí kò sì jẹ́ kó kọjá lẹ́ẹ̀kan láìkí i pé "sannu da aiki", ìyẹn ẹ kú iṣẹ́.

Mo gbóríyìn fún wọn, ṣùgbọ́n ibi tí ewu ti wá kọ́ ni wọ́n ń ṣọ́ jù. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹta ọdún 2022 tí àwọn agbébọn kọlu ọkọ̀ yìí, kì í ṣe inú ọkọ̀ ni bọ́ǹbù wà. Ojú irin ni àwọn agbébọn ri í mọ́, wọ́n pa ó kéré tán èèyàn mẹ́jọ, wọ́n sì kó àwọn tó lé ní ọgọ́ta wọ igbó, tó jẹ́ pé oṣù Kẹwàá ni àwọn 23 tó kẹ́yìn tó padà sílé. Rotimi Amaechi, mínísítà ìrìnnà nígbà náà, sọ ọ́ ní gbangba pé òun ti béèrè fún ẹ̀rọ tí yóò máa ṣọ́ ojú irin náà, wọn kò sì fọwọ́ sí i. Ọjọ́ méjì ṣáájú ìkọlù yìí ni àwọn agbébọn ya wọ ọgbà pápákọ̀ òfurufú Kàdúná pẹ̀lú, nítorí náà owó bàálù kò ra ààbò fún ẹnikẹ́ni.

Ohun tó ń dùn mí ni pé ìjọba mọ̀ ọ́n ṣe. Ní ọdún 2017, nígbà tí wọ́n ti pápákọ̀ òfurufú Àbújá fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà láti tún un ṣe, Kàdúná ni àwọn bàálù ń balẹ̀ sí, wọ́n sì da ọlọ́pàá àti ṣọ́jà sí títì kí àwọn èrò bàálù lè dé Àbújá ní àlàáfíà. Bí pápákọ̀ ṣe ṣí ni ọ̀nà náà padà di ti ajínigbé.

Èmi yóò tún wọ ọkọ̀ náà, bí ó bá jẹ́ ti ọ̀sán. Oòrùn ṣì ń ràn nígbà tí a sọ̀ ní Rigasa, ìyá náà sì ti ń pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù kí ọkọ̀ tó dúró tán, ó ní àwọn ti dé.