Àyẹ̀wò ARASAAC: àwòrán ọ̀fẹ́ fún àwọn olùtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ ní Ògbómọ̀ṣọ́

Bí ẹ bá ń tọ́jú ọmọ tó ní ọ́tísíìmù (autism), tí kò tíì máa fi ẹnu béèrè ohun tó fẹ́, tí owó àpótí káàdì àwòrán tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ fi ń béèrè nǹkan, tó ń ti òkè òkun wá sì ju agbára yín lọ, ARASAAC ni ẹ kọ́kọ́ lọ wò. Àkójọ àwòrán ni. Ìjọba ẹkùn Aragón ní orílẹ̀-èdè Spéènì ló ni ín, Sergio Palao ló ṣe àwọn àwòrán náà, wọ́n sì lé ní 10,000. Ẹ kò ní san kọ́bọ̀. A fọwọ́ sí i gidi, ṣùgbọ́n iṣẹ́ pọ̀ láàárín arasaac.org àti ọwọ́ ọmọ, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe.

Ohun tó dára jù nínú àwọn àwòrán yìí ni pé ìlà wọn nípọn, nǹkan kan ṣoṣo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń sọ. Kí ẹ tó gbà á sórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà, ẹ lè yí àwọ̀ ara àti àwọ̀ irun padà, kí ẹni inú àwòrán jọ ọmọ tó wà níwájú yín. Ẹ má fo ìgbésẹ̀ yìí. Ẹ mú èyí tó tóbi jù, torí èyí tó kéré máa ń fọ́ lójú bí ẹ bá fẹ̀ ẹ́.

Oúnjẹ ló kù díẹ̀ káàtó. Spéènì ni wọ́n ti ya á, tábìlì oúnjẹ wọn ló sì hàn níbẹ̀. Àmàlà, mọ́ínmọ́ín, ẹ̀kọ, wàrà, fùrá, píọ̀wọ́tà: ẹ fi fóònù ya ìwọ̀nyí fúnra yín. Ẹ gbé e sínú àwo funfun, lórí aṣọ tí kò ní bátànì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ní ọ̀sán. Ẹ má tan iná kámẹ́rà, yóò dán lára ọ̀rá píọ̀wọ́tà débi pé ọmọ kò ní mọ ohun tó ń wò. Kò sí aburú nínú kí fọ́tò àti àwòrán yíyà wà nínú ìwé káàdì kan náà, ìyẹn ìwé tí a ń lẹ káàdì ọmọ mọ́. Ohun tí kò sí nílé ni kó má sí nínú ìwé: bí àsìkò mángòrò bá ti kọjá, ẹ yọ káàdì rẹ̀ kúrò. Ọmọ tó mú káàdì wá lẹ́ẹ̀mẹta tí kò rí nǹkan gbà lè máa rò pé káàdì kò ṣiṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ ìṣe tún yàtọ̀ sí tiwa. Gàrí tí a rẹ, mímu ni. Ẹ̀bà tí a fi gàrí kan náà tẹ̀, jíjẹ ni. Àwòrán ẹni tó gbé ife sẹ́nu kò bá abọ́ gàrí àti ṣíbí mu. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ fi jíjẹ àti mímu sílẹ̀. “Mo fẹ́” àti orúkọ nǹkan náà ti tó.

Ẹ fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ àwòrán. Ọkọ̀, ọkọ àti ọkọ́ kì í ṣe ohun kan náà, bẹ́ẹ̀ ìyá, olùkọ́ àti olùtọ́jú gbọ́dọ̀ máa pe káàdì kan bákan náà. Ìdí nìyẹn tí a kò fi gba ohùn ẹ̀rọ tó ń ka Gẹ̀ẹ́sì láyè kó máa ka Yorùbá fún ọmọ. Bí fóònù lẹ ó bá lò, áàpù kan wà tó ń jẹ́ Cboard, ó lè lo àwòrán ARASAAC, ẹ sì lè gba ohùn ara yín sílẹ̀ sórí bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí ìyá ọmọ ló sọ ọ́. Ìwé káàdì ni kó ṣáájú ṣá, torí kò nílò iná.

Títẹ̀ ẹ́ jáde ló ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù. Ẹ ṣe àwòrán kọ̀ọ̀kan ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí 5. Ogún yóò wọ ojú bébà A4 kan. Bí ẹ bá gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn atẹ̀wé ní àdúgbò Under G, ẹ ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ lésà tẹ̀ ẹ́. Tàdáwà olómi máa ń ṣàn bí itọ́ bá kàn án. Gígé ló ṣáájú, ọ̀rá ló tẹ̀ lé e: ẹ gé àwòrán lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ tò wọ́n sínú ọ̀rá láminéètì kí àlàfo tó tó mílímítà 6 wà láàárín wọn, kí ẹ wá gé e lẹ́ẹ̀kejì láàárín àlàfo náà. Ẹni tó bá ki odindi bébà sínú ọ̀rá kó tó gé e ti ṣí etí rẹ̀ sílẹ̀, omi yóò wọlé, ọ̀rá yóò sì bó. Ẹ gé igun rẹ̀ róbótó, torí igun ọ̀rá mú bí abẹ. Ní ti velcro, aṣọ alẹ̀mọ́ tó ní apá méjì, ẹ pinnu bóyá apá tó rọ̀ ni yóò wà lẹ́yìn káàdì tàbí apá tó le, kí ilé àti ilé-ìwòsàn sì ṣe é bákan náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ káàdì ilé kò ní lẹ̀ mọ́ ìwé yín.

Káàdì kì í ṣe ọ̀nà ìkọ́ni. Ọ̀nà tí a mọ̀ tó bá a lọ ni PECS (Picture Exchange Communication System), níbi tí ọmọ ti ń fi káàdì gba ohun tó fẹ́, tí Andy Bondy àti Lori Frost gbé kalẹ̀ ní 1985 ní Delaware, ní Amẹ́ríkà. Ìpele mẹ́fà ló ní. Ìpele kìíní gba àgbàlagbà méjì. Ẹni iwájú di ohun tí ọmọ fẹ́ mú, kò sì sọ̀rọ̀. Ẹni ẹ̀yìn dúró títí ọmọ yóò fi nawọ́, ó wá tọ́ ọwọ́ rẹ̀ mú káàdì, kó sì fi lé ẹni iwájú lọ́wọ́. Lójú ẹsẹ̀, kí ẹni iwájú dárúkọ nǹkan náà, kó sì fún un. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí ẹni iwájú máa bi í pé, “Kí lo fẹ́?” Ọmọ yóò kọ́ láti máa dúró de ìbéèrè, kò sì ní fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ọwọ́ òsì ńkọ́? Bí ọmọ bá fi òsì na káàdì, ẹ gbà á, kí ẹ fún un ní nǹkan rẹ̀. Bí ẹ bá dá a padà pé “ọwọ́ ọ̀tún dà?”, ìdúró yẹn yóò já okùn tó so káàdì pọ̀ mọ́ ohun tó gbà. Ẹni ẹ̀yìn ni kó jókòó sí ibi tí yóò ti lè tọ́ ọwọ́ ọ̀tún láti ìbẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìkúnlẹ̀ àti ìdọ̀bálẹ̀. Àkókò wọn ń bọ̀, kì í ṣe kó tó gba omi. Ìyá àgbà kan lè bínú pé ọmọ ń sọ pé “fún mi” dípò “ẹ fún mi”. “Mo fẹ́” kò pe ẹnikẹ́ni, kò sì rí ẹnikẹ́ni fín, ìdí mìíràn tí a fi fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn.

Àwọn òbí yóò bi yín bóyá àwòrán kò ní sọ ọmọ di odi. Ẹ dá wọn lóhùn tààrà: ìwádìí kò fi hàn pé àwòrán ń dí ọ̀rọ̀ sísọ lọ́wọ́, àwọn ọmọ mìíràn a sì máa sọ̀rọ̀ sí i bí wọ́n ṣe ń lò ó.

Ẹ má ta ìwé tí ẹ bá fi ARASAAC ṣe, torí àṣẹ wọn kò gba òwò. Ẹ kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé náà pé Ìjọba Aragón ló ni àwòrán, pé Sergio Palao ló ṣe é fún ARASAAC, lábẹ́ àṣẹ Creative Commons tó ń jẹ́ CC BY-NC-SA.