Ìkìlọ̀: ẹ má fi àwòrán yín àti gbogbo owó yín sílẹ̀ papọ̀ lọ́wọ́ oníférémù

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kó àwòrán títẹ̀ jọ, ìyẹn iṣẹ́ ọnà tí ayàwòrán fúnra rẹ̀ tẹ̀ sórí ìwé, ní Èkó, ní Ìbàdàn, ní Òṣogbo, níbikíbi tẹ́ ẹ bá wà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí tán kẹ́ ẹ tó gbé iṣẹ́ kankan lọ fún ẹni tó máa ṣe férémù sí i. Oníférémù kan wà ní Èkó tó ń polówó ara rẹ̀ lórí Instagram àti WhatsApp. Fọ́tò ògiri tó rẹwà ló fi ń fa èèyàn mọ́ra, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ dùn, ó sì mọ orúkọ àwọn ayàwòrán wa dáadáa. Ó ti gba owó lọ́wọ́ mi, ó ti gbà lọ́wọ́ àwọn mìíràn tí mo mọ̀, ó sì ti ba iṣẹ́ tí kò ní àfidípò jẹ́. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, torí ọ̀rọ̀ wa ti dé ilé ẹjọ́, orúkọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pàápàá kì í pẹ́ yí padà. Ọ̀nà tó ń gbà ṣe é ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀, torí òun nìkan kọ́ ló ń ṣe é.

Bó ṣe máa ń lọ nìyí. Ẹ máa kọ́kọ́ bi í léèló. Iye tó máa pè á fi díẹ̀ dín sí ti àwọn tó kù, kò sì ní kéré débi tẹ́ ẹ máa fura. Lẹ́yìn náà, á ní tẹ́ ẹ bá san gbogbo owó náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, òun á fi irú gíláàsì tí wọ́n ń lò ní mùsíọ́ọ̀mù sí i, láìgba kọ́bọ̀ kún un. Nọ́ńbà àkáǹtì tó máa fi ránṣẹ́ kì í ṣe ti ṣọ́ọ̀bù. Orúkọ èèyàn ló máa jáde níbẹ̀, á sì ní ti ìyàwó òun ni, tàbí ti akọ̀wé òun. Bí owó bá ti wọlé, tí àwòrán sì ti wà ní ṣọ́ọ̀bù, ohùn á yí padà. Igi kò tíì dé láti Ṣáínà. Kò sí iná. Dọ́là ti mú kí gíláàsì wọ́n, ẹ ní láti fi owó kún un. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ gba àwòrán òun padà, á sọ fún un pé owó ìpamọ́ ti wà lórí rẹ̀. Ìgbà yẹn ló máa tó yé èèyàn pé àwòrán òun ti di ohun ìdógò.

Púpọ̀ nínú èyí tí mo gbé lọ, bàbá mi ló rà wọ́n. Lọ́dún 1962 ni Ulli Beier, òyìnbó ará Jámánì, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọnà ní ilé àṣà Mbari Mbayo ní Òṣogbo, ibẹ̀ sì ni àwọn ọ̀dọ́ ìgbà náà, bíi Jacob Afolabi àti Rufus Ogundele, ti di ayàwòrán. Wọ́n á gbẹ́ àwòrán sára línólíọ́mù, irú ohun tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ ilé, wọ́n á fi íńkì kùn ún, wọ́n á wá tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Bàbá mi fẹ́ràn irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ púpọ̀, torí kò wọ́n nígbà náà, òṣìṣẹ́ ìjọba lásán sì lè rà á. Ìwé náà ti gbó báyìí, ó gbẹ, ó sì máa ń ya tí wọn ò bá rọra mú un. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ férémù tó dáa.

Nígbà tí àwọn àwòrán náà padà wálé, oníférémù náà ti gé etí ìwé wọn. Ó ti gé igi férémù náà ṣíwájú, ó kéré, dípò kó gé igi mìíràn, ọ̀bẹ ló fi ṣe àwòrán kó lè wọlé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ẹ wo ìsàlẹ̀ àwòrán títẹ̀, ní etí ìwé tó funfun. Ibẹ̀ ni ayàwòrán ti máa ń fi pẹ́ńsùlù kọ orúkọ rẹ̀, àkọlé iṣẹ́ náà, ọdún, àti nọ́ńbà bíi 12/50, tó túmọ̀ sí ẹ̀dà kejìlá nínú àádọ́ta. Tó bá jẹ́ A/P ló wà níbẹ̀, ẹ̀dà tí ayàwòrán mú fún ara rẹ̀ nìyẹn. Etí tí oníférémù gé sínú pàǹtírí yẹn ni ẹ̀rí pé iṣẹ́ náà jẹ́ ojúlówó. Kò sí ẹni tó máa rà á ní iye tó tọ́ sí i mọ́, ọmọ yín tó bá sì jogún rẹ̀ kò ní lè fi hàn ẹnikẹ́ni pé ọwọ́ ẹni tó ṣe é ló ti jáde.

Kò tíì tán. Ó fi gúlúù funfun tí àwọn káfíńtà fi ń lẹ igi lẹ àwọn kan mọ́ pákó pílíwúùdù látòkè délẹ̀. Ó ní kó má bàa ká kò ni. Gúlúù yẹn ò ṣeé yọ láìfa ìwé ya, ásíìdì inú pákó náà á sì máa jẹ ìwé díẹ̀díẹ̀ títí á fi pọ́n. Ìwé gbọ́dọ̀ lè mí nínú férémù: nígbà òjò ó máa ń fẹ̀, nígbà ọyẹ́ ó máa ń sún kì. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọṣẹ́ fi máa ń fi ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ ti ilẹ̀ Japan àti lẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi sítáàṣì àlìkámà sè gbé e kọ́ láti òkè nìkan, ní ojú méjì, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ wà lómìnira. Lẹ́ẹ̀ yẹn, omi díẹ̀ ló máa tú u lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ yọ àwòrán náà. Oníférémù tó bá sọ pé sẹ́lótéèpù náà ń ṣe iṣẹ́ kan náà, ẹ kó ẹrù yín kẹ́ ẹ máa lọ.

Èyí tó bà mí nínú jẹ́ jù kì í ṣe tèmi. Màmá kan ní Ìbàdàn, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, gbé àwòrán rẹ̀ fún ọkùnrin yìí, ó sì gbà á padà nínú férémù tó ń dán gbinrin. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló fura pé àwọ̀ rẹ̀ ti yàtọ̀. Nígbà tí wọ́n tú ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ̀dà tí wọ́n fi ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tẹ̀ ni wọ́n bá níbẹ̀. Ojúlówó ti lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ bẹ́ ẹ ṣe lè dá a mọ̀. Ẹ tẹ́ àwòrán náà sábẹ́ iná tó ń ti ẹ̀gbẹ́ wá. Pẹ́ńsùlù gidi máa ń dán díẹ̀, ó sì máa ń fi ojú ilà sílẹ̀ lára ìwé. Orúkọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ ò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ wá fi kámẹ́rà fóònù yín sún mọ́ ọn gan-an: tẹ́ ẹ bá rí tótòtó aláwọ̀ wẹ́wẹ́ tó kún ibi tó yẹ kó jẹ́ àwọ̀ kan ṣoṣo, ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́. Tó bá jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń fi ásíìdì jẹ sára irin, bíi ti ayàwòrán Bruce Onobrakpeya, ẹ máa fọwọ́ kan ojú ibi tí irin ti tẹ ìwé wọnú ní àyíká àwòrán. Kò sí ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tó ń ṣe ìyẹn.

Lórí ohun èlò, ẹ má san owó orúkọ. Ẹ san owó ohun tẹ́ ẹ fojú rí. Gíláàsì mùsíọ́ọ̀mù tí gbogbo wọn ń pariwo yìí, iṣẹ́ méjì ló ń ṣe: kì í jẹ́ kí èèyàn máa rí ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀, ó sì ń dí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìtànṣán oòrùn tó ń mú kí àwọ̀ ṣí. Ẹ dúró níwájú rẹ̀ lábẹ́ iná. Tẹ́ ẹ bá rí ara yín kedere, gíláàsì fèrèsé ni. Ti gidi, ìmọ́lẹ̀ tó bá bà lé e máa ń ṣe bàìbàì, ó sì máa ń fẹ́ jọ àwọ̀ ewé tàbí elésè àlùkò. Òmíràn tún wà tí ojú rẹ̀ kò jọ̀lọ̀, tí kì í dán rárá. Èyí lọkùnrin yìí ń tà fún àwọn èèyàn bíi ti mùsíọ́ọ̀mù, bẹ́ẹ̀ bó bá ti jìnnà díẹ̀ sí ìwé ni àwòrán á di kùrukùru.

Igi férémù náà ńkọ́? Ẹ ní kó fi ojú ibi tí wọ́n ti gé e hàn yín, kì í ṣe iwájú tó kùn ní àwọ̀ góòlù. Igi gidi ní ilà tirẹ̀ nínú. Èyí tí wọ́n fi ìyẹ̀fun igi àti gúlúù tẹ̀ pọ̀ kò ní ilà kankan, omi ló máa ń mú un wú. Èyí tó jẹ́ rọ́bà fúyẹ́, inú rẹ̀ sì ní ihò wẹ́wẹ́. Kò sí ohun tó burú nínú férémù rọ́bà tó bá jẹ́ pé owó rọ́bà lẹ san. Owó igi mahogany ni wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹnì kan tí mo mọ̀, rọ́bà ni wọ́n gbé fún un.

Kí gíláàsì má fara kan ìwé láé. Páálí tí wọ́n gé ojú sí láàárín, tí àwọn oníférémù ń pè ní mount, kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ nìkan. Òun ló ń jẹ́ kí àlàfo wà láàárín àwọn méjèèjì. Nínú afẹ́fẹ́ Èkó tó kún fún omi, íńkì tó bá lẹ̀ mọ́ gíláàsì kì í ṣí mọ́. Ẹ béèrè èyí tí kò ní ásíìdì, ẹ sì ní kí wọ́n fi irú rẹ̀ kan náà sí ẹ̀yìn. Páálí inú káátọ̀n lásán á fi ilà aláwọ̀ ilẹ̀ yí àwòrán yín ká láàárín ọdún díẹ̀.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ owó. Oníférémù tó ń bá mi ṣe báyìí ní Ìbàdàn ló kọ́ mi ní ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo yín máa ṣe. Ó wọn ìwé mi níwájú mi, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní kí n gbé àwòrán mi padà lọ sílé. Òun ò nílò rẹ̀ títí férémù, gíláàsì àti páálí á fi parí. Ọjọ́ tó parí, mo gbé e wá, mo jókòó tì í bó ṣe ń tò ó sínú rẹ̀, mo sì wo ẹ̀yìn rẹ̀ kó tó dí i. Ìgbà yẹn ni mo san owó tó kù. Ìdajì ni mo fi sílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, kò sì bínú sí i, torí ìdajì tó fún un láti ra ohun èlò. Tó bá jẹ́ àkójọ tó pọ̀ lẹ ní, ẹ ní kó ṣe ẹyọ kan ná, èyí tí kò fi bẹ́ẹ̀ níye lórí jù, kẹ́ ẹ tó gbé ìyókù wá. Ẹ fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì tó ní orúkọ ṣọ́ọ̀bù. Ẹ lè fi orúkọ náà wá a lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìkànnì CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ mọ̀ bóyá wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Kí rìsíìtì dárúkọ irú igi, irú gíláàsì, bí férémù ṣe tóbi tó, àti gbólóhùn pé wọn ò ní gé ìwé. Bó bá wá di dandan kí àwòrán sun ibẹ̀, ẹ ya fọ́tò iwájú, ẹ̀yìn, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti nọ́ńbà pẹ́ńsùlù rẹ̀, kí òun náà sì buwọ́ lù ú pé bẹ́ẹ̀ lòun ṣe gbà á.

Ẹ̀yin ará wa tó wà ní London àti Amẹ́ríkà, ẹ̀yin gan-an ni oníférémù ẹlẹ́tàn yẹn ń wá kiri, torí ẹ kì í sí nílé láti wá bá a jà. Tẹ́ ẹ bá ra àwòrán títẹ̀ nílé, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín láìsí férémù, kẹ́ ẹ ṣe férémù níbi tẹ́ ẹ wà. Gíláàsì tó bá fọ́ nínú ọkọ̀ òfuurufú á gé ìwé náà ya.

Fún ẹni tó ti kó sí i lọ́wọ́: tó bá jẹ́ pé owó ló jẹ yín, tàbí iṣẹ́ tí kò dáa, ẹ má fi ọlọ́pàá dẹ́rù bà á. Òfin ọlọ́pàá ti ọdún 2020 kò gbà kí wọ́n mú èèyàn torí àdéhùn tó bàjẹ́ lásán. Ní Èkó, ilé ẹjọ́ kékeré tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2018 ń gbọ́ ẹjọ́ owó tí kò ju 5 mílíọ̀nù náírà lọ, ẹ sì lè lọ láìní agbẹjọ́rò. Lẹ́tà tẹ́ ẹ fi béèrè owó yín ló máa kọ́kọ́ lọ. LASCOPA, àjọ ìjọba tó ń gbèjà àwọn oníbàárà, náà wà ní Èkó, FCCPC, irú àjọ bẹ́ẹ̀ ti ìjọba àpapọ̀, sì wà fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti pààrọ̀ àwòrán yín, olè nìyẹn, ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ló tọ́ kẹ́ ẹ lọ, pẹ̀lú fọ́tò àti rìsíìtì yín.

Tí iṣẹ́ yín bá wà lọ́dọ̀ ẹni tó ti ń sọ ọ̀rọ̀ dọ́là àti owó ìpamọ́ fún yín lónìí, ẹ má san àfikún kankan. Ẹ mú ẹnì kan dání, ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù náà lọ́sàn-án gangan, ẹ tú ẹ̀yìn férémù níbẹ̀, ẹ wo etí ìwé àti pẹ́ńsùlù ìsàlẹ̀ rẹ̀, kẹ́ ẹ sì gbé àwòrán yín kúrò níbẹ̀ bó ṣe wà, pẹ̀lú férémù tàbí láìsí férémù. Ẹ lè wá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ owó lẹ́yìn náà.