Ilé Ìtura Létíkun fún Ọkùnrin Méjì Tàbí Obìnrin Méjì Tó Fẹ́ra Wọn: Ìfiwéra Kí Ẹ Tó Sanwó

Kí a tó fi ilé ìtura kan wé òmíràn, òfin ìlú tí wọ́n kọ́ ọ sí ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò, nítorí bó ti wù kí àwọn òṣìṣẹ́ ilé náà lọ́yàyà tó, ẹnu géètì ni agbára wọn mọ. Ní Brazil, ìgbéyàwó láàárín ọkùnrin méjì tàbí obìnrin méjì ti bófin mu káàkiri orílẹ̀-èdè láti ọdún 2013. Ó kárí gbogbo ìpínlẹ̀ Mexico ní 2022. Ti Thailand sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 23 oṣù Kìíní ọdún 2025. Ní Maldives, ìbálòpọ̀ láàárín wọn gan-an jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin títí di òní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ilé ìtura tó dá erékùṣù tiwọn ní kì í bi àlejò méjì léèrè ohun tí wọ́n jẹ́ sí ara wọn. Òfin sì lè yí padà, kó tún padà sẹ́yìn. Ní Trinidad àti Tobago, ilé ẹjọ́ fagi lé òfin tó ka ìbálòpọ̀ akọsákọ sí ẹ̀ṣẹ̀ ní 2018, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dá a padà ní 2025, tó fi jẹ́ pé ẹni tó gbára lé ìwé atọ́nà ọdún 2020 lónìí ti ṣìnà.

Bí ti òfin bá ti yanjú, oríṣi ilé mẹ́ta ló sábà máa ń wà níwájú ẹni. Àkọ́kọ́ ni ilé tí wọ́n dá sílẹ̀ nítorí irú àlejò bẹ́ẹ̀ gan-an, bíi àwọn tó wà ní Key West, erékùṣù kan ní ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà, àti ní àdúgbò Zona Romántica ní ìlú Puerto Vallarta ní Mexico. Àǹfààní ibẹ̀ ni pé kò sí àlàyé kankan láti ṣe fún ẹnikẹ́ni: ẹ ó di ọwọ́ ara yín mú lẹ́bàá odò ìlúwẹ̀ẹ́, kò sì sí ẹni tí yóò bojú wẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ẹ ka ìlànà wọn dáadáa, nítorí òmíràn kì í gba obìnrin rárá, òmíràn kì í gba ọmọdé, àwọn kan fàyè gba ìhòòhò nínú ọgbà, orin sì lè dún wọ òru. Obìnrin méjì tó ń wá ìdákẹ́jẹ́ẹ́ lè sanwó kí wọ́n tó mọ̀ pé àwọn kọ́ ni wọ́n tẹ́ ilé náà dè.

Ìkejì ni hòtẹ́ẹ̀lì ńlá tó ní òun ń gba gbogbo ènìyàn. Yàrá ibẹ̀ pọ̀, ọmọdé lè bá yín lọ, ó sì rọrùn láti yí ọjọ́ padà. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ ẹnu kò wọ́n. Láti 2021 ni Booking.com, ìkànnì tí a ti ń gba yàrá hòtẹ́ẹ̀lì, ti ń fi àmì Travel Proud sára ilé tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ ti gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí bí a ṣe ń gba irú àlejò bẹ́ẹ̀. Àmì náà wúlò, ṣùgbọ́n kò sọ pé ẹni tí yóò fún yín ní kọ́kọ́rọ́ lóru wà lára àwọn tó kẹ́kọ̀ọ́. Ní ti àsíá òṣùmàrè, àmì irú àwọn olólùfẹ́ bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń ta sójú ìkànnì ní oṣù Kẹfà, tí wọ́n sì ń ká kúrò bí oṣù Keje bá ti wọlé, èmi kì í kà á sí. Ohun tí mo máa ń wá ni ọ̀rọ̀ àwọn àlejò tó ti sùn níbẹ̀: obìnrin tó kọ “ìyàwó mi”, ọkùnrin tó kọ “ọkọ mi”.

Ìkẹta ni ilé àdáni tí a ń yá fún ọjọ́ díẹ̀. Bó bá jẹ́ odindi ilé tó ní ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ ni, kò sí èyí tó bò yín láṣìírí tó o. Bí onílé bá ń gbé òkè, tí ẹ jọ ń lo ilé ìdáná, ìwà ẹnìkan ṣoṣo ni ẹ gbé gbogbo ìsinmi yín lé.

Ìdánwò kan wà tó bá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mu. Ẹ kọ íméèlì sí ilé náà fúnra rẹ̀, kí ẹ sọ láìfi bò pé ọkùnrin méjì, tàbí obìnrin méjì, tó fẹ́ra wọn ni yín, àti pé bẹ́ẹ̀dì ńlá kan ṣoṣo ni ẹ fẹ́. “A ti fi bẹ́ẹ̀dì ńlá kan pamọ́ fún yín, aago mélòó lẹ ó dé?” Ilé tó mọṣẹ́ nìyẹn. Bí wọ́n bá ní “Gbogbo ènìyàn la ń gbà tọwọ́tẹsẹ̀” láìmẹ́nu kan bẹ́ẹ̀dì, ẹ tún béèrè. Bí wọ́n bá ní yàrá oníbẹ́ẹ̀dì méjì ni yóò tù yín lára jù, wọ́n ti dáhùn. Ẹ tọ́jú èsì náà sórí fóònù, nítorí òṣìṣẹ́ alẹ́ lè má kà á.

Ẹ má sì fojú inú wọn jíjìnnà sí etíkun. Ní Puerto Vallarta, àwọn ilé tó wà lókè lẹ́yìn etíkun Los Muertos lè dà bí ẹni pé wọ́n súnmọ́ omi lórí máàpù, àmọ́ àtẹ̀gùn gíga ni ẹ ó máa gùn padà sílé. Ní Ipanema, etíkun kan ní Rio de Janeiro ní Brazil, iwájú òpópónà Farme de Amoedo ni ẹ ó ti rí àsíá òṣùmàrè nínú iyanrìn. Ilé tó wà lápá ibẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Bó bá sì jẹ́ Key West ni, àsìkò ìjì líle máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà, ó sì ń parí ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá. Láàárín ìgbà náà, yàrá tí wọn kì í dá owó rẹ̀ padà kò yẹ ní sísan, bó ti wù kó pọ̀ tó ní ẹ̀dínwó.