Rotary, DA tàbí Forced Rotation: ẹ̀rọ ìdánmọ́tò wo ni kí ẹ fowó yín rà?

Ẹ gbé Camry dúdú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ sínú oòrùn ìrọ̀lẹ́, kí ẹ wo ojú bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ níbi tí oòrùn ti ta sí i. Ẹ ó rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ tó yí ìmọ́lẹ̀ náà ká bí òwú aláǹtakùn. Òun ni àwọn tó ń dán mọ́tò ń pè ní swirl. Àwọn ìlà náà kì í ṣe róbótó ní tòótọ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlà tó gba ibí gba ọ̀hún ni wọ́n. Èyí tó dábùú ìmọ́lẹ̀ nìkan ló ń tàn sí wa lójú, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń jọ òbírí. Ohun tó ń fà á kò jìnnà: fóòmù tí wọ́n fi fọ táyà ni wọ́n tún fi fọ bọ́nẹ́ẹ̀tì, tàbí kí ènìyàn fi aṣọ gbígbẹ nu eruku ọyẹ́ kúrò lára ọkọ̀ láàárọ̀.

Wáàsì kàn ń dí ojú ìlà náà ni. Bí òjò bá ti pa ọkọ̀ náà nígbà mélòó kan, gbogbo rẹ̀ á padà. Kí ó tó lè lọ pátápátá, a ní láti rẹ́ ojú kílíà, ìyẹn ọ̀dà tí kò láwọ̀ tó wà lókè, títí tí yóò fi bá ìsàlẹ̀ ìlà náà dọ́gba. Ibẹ̀ ni ewu wà. Ọ̀dà tí ọkọ̀ gbé ti ilé iṣẹ́ wá kì í sábà ju máíkírọ́nù 100 sí 150 lọ (ẹgbẹ̀rún máíkírọ́nù ló wà nínú mìlímítà kan), kílíà inú rẹ̀ sì máa ń jẹ́ nǹkan bí 35 sí 50. Irun orí ènìyàn ẹyọ kan nípọn tó nǹkan bí 70. Nítorí náà, ẹ má fi wáàtì yan ẹ̀rọ. Ohun tí ẹ̀rọ náà ń ṣe nígbà tí ọwọ́ yín bá ṣì í ni kí ẹ fi yàn án.

Rotary

Èyí ni àwọn panẹli-bítà àti àwọn tó ń fín ọ̀dà mọ̀ jù. Páàdì rẹ̀, ìyẹn fóòmù tó ń kan ọ̀dà, ń yí lójú kan, mọ́tò ló sì ń yí i ní tààrà: bí ẹ tẹ̀ ẹ́, bí ẹ ò tẹ̀ ẹ́, yóò máa yí lọ ni. Makita 9237C ni àpẹẹrẹ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀: wáàtì 1,200, ìyípo 600 sí 3,200 ní ìṣẹ́jú kan, pléètì (ibi tí páàdì ń lẹ̀ mọ́) íǹṣì 7. Ingco àti Total náà ní tiwọn, owó wọn sì rọjú ju ti Makita lọ.

Fún ẹni tó fín ọ̀dà tuntun, tó wá fi omi àti sáńpépà 1500 tàbí 2000 rẹ́ ẹ, a ò mọ ẹ̀rọ tó yá ju rotary lọ. Àmọ́ fún ìlà swirl lásán, ìṣòro méjì ló ń bá a rìn. Ooru ni àkọ́kọ́. Tí páàdì bá dúró lójú kan fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá péré, ojú ọ̀dà á gbóná débi tí ọwọ́ ò ní lè gbà á. Bọ́ńpà ló máa ń kọ́kọ́ jìyà rẹ̀, nítorí ike kì í gbé ooru lọ bí irin: kílíà orí rẹ̀ á rọ̀, á sì fà bí gọ́ọ̀mù. Etí ilẹ̀kùn àti ibi tó yọ gọngọ lára bọ́nẹ́ẹ̀tì ló tẹ̀lé e, torí ọ̀dà tútù máa ń ṣàn kúrò lórí etí, ibẹ̀ ló sì fẹ́lẹ́ jù lára gbogbo ọkọ̀.

Ìṣòro kejì ni hologram. Lábẹ́ iná ṣọ́ọ̀bù, ọkọ̀ á máa dán bíi dígí. Lọ́jọ́ kejì tó bá jáde sínú oòrùn, òjìji wúruwùru á hàn lára rẹ̀, á tẹ̀lé ọ̀nà tí ẹ̀rọ gbà látòkè délẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n fi ìgbálẹ̀ gbá àgbàlá. Ẹni tó gbé ọkọ̀ wá nítorí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ ti gba ìlà ńlá lọ sílé. Àwọn tó mọṣẹ́ dáadáa lè fi rotary parí iṣẹ́ láìsí hologram, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń gbé DA (dual action) láti fi parí rẹ̀.

Tí rotary bá jẹ́ dandan fún yín, ẹ rí i pé ìyípo rẹ̀ tó kéré jù kò ju 600 tàbí 700 lọ, àti pé ó ń bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹ bá tan án. Èyí tó bá fi 1,000 bẹ̀rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Gbogbo pólíìṣì ni yóò fọ́n sí yín láṣọ. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà gíríńdà fún yín dípò rotary. Pléètì oníhò M14 kan náà ń wọ àwọn méjèèjì, owó gíríńdà sì kéré, ṣùgbọ́n gíríńdà kékeré máa ń yí tó nǹkan bí 11,000 ní ìṣẹ́jú kan. Ọ̀dà á ti jóná kí ìka yín tó kúrò lórí súìṣì.

DA

DA ń ṣe iṣẹ́ méjì pọ̀. Páàdì rẹ̀ ń yí, ó sì tún ń fì yípo, bí ẹni tó ń fi asẹ́ ku èlùbọ́. Fífì yẹn ni mọ́tò ń ṣe. Yíyí náà kò so mọ́ mọ́tò rárá, ó kàn ń tẹ̀lé e ni. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ jù, tàbí tí ẹ dà á sí ẹ̀gbẹ́ kan, yíyí á dúró, páàdì á kàn máa gbọ̀n lórí ọ̀dà. Ẹni tí rotary ti mọ́ lára máa ń sọ pé ẹ̀rọ náà ò lágbára. Dídúró yẹn gan-an la ní kí ẹ sanwó fún: níbi tí rotary ti máa jó ọ̀dà, DA á kọ̀ láti ṣiṣẹ́.

Ẹ fi máákà fa ìlà dúdú kan sí ẹ̀gbẹ́ pléètì rẹ̀ kí ẹ tó lò ó. Bí ẹ ti ń ṣiṣẹ́, ẹ máa wo ìlà náà. Tó bá ń yí, iṣẹ́ ń lọ. Tó bá dúró, ẹ dín agbára ọwọ́ kù tàbí kí ẹ tẹ́ ẹ̀rọ náà dọ́gba.

Nọ́ńbà tó yẹ kí ẹ wò lára DA ni throw, ìyẹn bí ó ṣe ń fì fẹ̀ tó. Èyí tó jẹ́ mìlímítà 8 tàbí 9 (bíi Meguiar's MT300 tàbí Griot's Garage G9) kì í ta ọwọ́ nù, ó sì ń gba ara òpó àti etí bọ́ńpà dáadáa, ṣùgbọ́n ó lọ́ra. Mìlímítà 15, bíi Rupes LHR15 Mark III, ń jẹ kílíà yára jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì ń parí iṣẹ́ láìsí òjìji kankan. Mìlímítà 21, bíi LHR21, fẹ́ ibi gbalasa: orúlé jíìpù, bọ́nẹ́ẹ̀tì Hilux, ara bọ́ọ̀sì. Tí ẹ bá gbé e lọ sí ara Corolla tí gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti tẹ̀, ṣe ni yóò máa dúró.

Forced rotation

Èyí wà láàárín. Ó ń fì bíi DA, ṣùgbọ́n jíà ló ń yí i, kò sí ohun tó lè dá a dúró. Flex XC 3401 VRG ti Jámánì ló gbajúmọ̀ jù nínú wọn: wáàtì 900, throw mìlímítà 8. Kì í fi hologram sílẹ̀ bíi rotary, kì í sì í kọ iṣẹ́ níbi tó bá tẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń gbọ̀n ju DA lọ, ó máa ń fẹ́ fa ọwọ́ lọ síbi tó wù ú, ó sì lè gbóná lórí etí nítorí pé kò mọ bí a ti ń dúró. Ọlọ́wọ́ líle ló bá mu.

| | Rotary | DA 15 mm | Forced rotation |
|---|---|---|---|
| Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ jù | Á jó ọ̀dà | Á dúró | Á máa yí, á gbóná díẹ̀díẹ̀ |
| Hologram | Wọ́pọ̀ | Kò sí | Ó ṣọ̀wọ́n |
| Àpá sáńpépà 2000 | Kíákíá | Ó ń lọ́ra | Dáadáa |
| Ara tó tẹ̀ | Dáadáa | Kò fẹ́ràn rẹ̀ | Dáadáa |
| Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ | Rárá | Bẹ́ẹ̀ ni | Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ |

Ẹni tó ní ọkọ̀ kan tàbí méjì, àti ẹni tó fẹ́ fi ìdánmọ́tò kún iṣẹ́ ìfọkọ̀ rẹ̀: DA mìlímítà 15, pléètì íǹṣì 5, kí ẹ máa lọ. Ṣọ́ọ̀bù tó ń fín ọ̀dà: rotary láti fi gé (ìyẹn láti jẹ kílíà), DA láti fi parí (láti mú un dán). Ti forced rotation, ẹni tó ń bá Mercedes, BMW àti Audi ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ ni yóò jẹ èrè rẹ̀, torí kílíà wọn sábà máa ń le. Ti Toyota àti Honda rọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀ Toyota, ẹ wo ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ férémù níbi tí wọ́n kọ C/TR sí, ìyẹn nọ́ńbà àwọ̀ ọkọ̀ náà. Tó bá jẹ́ 202, dúdú tó rọ̀ bí ọṣẹ nìyẹn: aṣọ inura lásán lè fa ìlà sí i lára, páàdì líle á sì fi kùrukùru sílẹ̀ lórí rẹ̀. Fóòmù rírọ̀ àti pólíìṣì àṣeparí nìkan ló yẹ ẹ́.

Iná mànàmáná: ibi tí owó ti ń ṣòfò jù

Ẹ̀rọ tí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rà ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà, iná 120 ló ń jẹ. Tiwa jẹ́ 230. Ẹ kì í bọ̀ ọ́ sínú ògiri. Táǹsífọ́mà tó ń sọ iná kalẹ̀ ni ẹ ó rà, kí agbára rẹ̀ sì ju ti ẹ̀rọ lọ dáadáa: fún G9 tó jẹ́ wáàtì 1,000, ẹ má ra èyí tó kéré sí 1,500. Owó táǹsífọ́mà àti wàhálà gbígbé e kiri máa ń jẹ gbogbo ohun tí ẹ rò pé ẹ jèrè. Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rọrùn, iná wọn àti orí wáyà wọn bá tiwa mu, ṣùgbọ́n ẹ sọ fún ẹni tó ń rà á kó má ra èyí tí orí wáyà rẹ̀ jẹ́ róbótó aláwọ̀ òféfèé: iná 110 ti àwọn tó ń kọ́lé nìyẹn.

Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí "I better pass my neighbour" kò lè gbé rotary wáàtì 1,200. Iná á máa lọ sókè sódò, súìṣì tó ń darí ìyípo ló sì máa ń kọ́kọ́ jóná. Ẹ lo jẹnẹrétọ̀ tó ń gbé kílówáàtì 2 sókè.

Owó tí ẹ gbọ́dọ̀ yà sọ́tọ̀

Ẹ má ná gbogbo owó tán lórí ẹ̀rọ. Ọkọ̀ kan fẹ́ páàdì márùn-ún ó kéré tán: mẹ́ta tó ń gé, méjì tó ń parí. Páàdì íǹṣì 5.5 ló ń wọ pléètì íǹṣì 5. Ẹni tó fi páàdì kan ṣe odidi ọkọ̀ á rí i pé ààrin rẹ̀ gbóná, gọ́ọ̀mù tú, fóòmù sì já kúrò lára ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Ní ti pólíìṣì, Menzerna 400 ń gé, 3800 ń parí. Meguiar's M105 àti M205 náà jẹ́ tọkọtaya bẹ́ẹ̀.

Rọ́bìn kọ́ḿpáòǹdù inú agolo tí wọ́n ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ńkọ́? Iyanrìn inú ọ̀pọ̀ rẹ̀ le, òróró rẹ̀ sì pọ̀. Òróró yẹn á bo ìlà mọ́lẹ̀ títí ẹ ó fi gbowó, ìlà á sì jáde lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Láti mọ òtítọ́, ẹ po isopropyl alcohol ìwọ̀n kan mọ́ omi ìwọ̀n mẹ́rin, ẹ fi nu ibẹ̀, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Ohun tó bá ṣẹ́kù ni iṣẹ́ yín gan-an.

Ìdánwò lójú kan kí ẹ tó fọwọ́ kan gbogbo ọkọ̀

Ẹ fọ ọkọ̀, ẹ fi clay (amọ̀ rírọ̀ tí wọ́n fi ń fọ ojú ọ̀dà mọ́) yọ ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ fi téèpù bo gbogbo etí àti rọ́bà. Inú ibòòji ni, kí ara ọkọ̀ sì tutù. Ẹ fi èékánná họ ìlà tó jinlẹ̀ jù: bí èékánná bá kọ́ ọ, ẹ̀rọ ò ní mú un kúrò, ẹ fi sílẹ̀. Bó bá jẹ́ tòkúnbọ̀, ẹ̀rọ ìwọ̀n ọ̀dà ṣe pàtàkì. Tó bá ka máíkírọ́nù 200 sókè, wọ́n ti fín ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Tó bá ju 500 lọ, fíláà ló sábà máa ń wà lábẹ́ rẹ̀. Tó bá sì kéré sí 80, ẹ má fi ohun tó ń gé kàn án.

Ẹ mú ibi tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 40 sí 40. Ẹ kán pólíìṣì mẹ́rin, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó hóró ẹ̀wà kan, sórí páàdì. Ẹ gbé e kalẹ̀ kí ẹ tó tan án. Ẹ fi nọ́ńbà 1 lára súìṣì ìyípo tẹ́ ẹ, kí ẹ wá gbé e sí 4 tàbí 5. Ọwọ́ yín kò gbọ́dọ̀ yá ju sẹ̀ǹtímítà 2 tàbí 3 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìkánjú níbí ló ń mú kí àwọn ènìyàn sọ pé DA ò ṣiṣẹ́. Ẹ lọ, ẹ bọ̀, ẹ dábùú rẹ̀, ìgbà mẹ́rin sí mẹ́fà. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn páàdì kí ẹ tó lọ sí ojú kejì. Páàdì ìparí àti pólíìṣì tó rọ̀ jù ni kí ẹ kọ́kọ́ dán wò. Ẹ ò ní gbé èyí tó le àyàfi tí ti rírọ̀ bá kùnà. Tí àwọ̀ ọkọ̀ bá ń jáde sára páàdì, ẹ dúró. Lára ọkọ̀ àtijọ́ tí kò ní kílíà, kò sí ewu níbẹ̀. Lára ọkọ̀ tó ní kílíà, ẹ ti gún un já nìyẹn, fínfín ló kù.

Níwájú olùtajà

Ẹ ní kí wọ́n tan án. Ẹ yí nọ́ńbà láti 1 dé 6, kí ìró rẹ̀ máa gòkè díẹ̀díẹ̀, kí ó má fò. Ẹ gbé e sókè, ẹ wo pléètì: tó bá ń gbọ̀n sọ́tùn-ún sósì lára rotary, ọ̀pá rẹ̀ ti wọ́. Ẹ fọwọ́ kan orí rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta. Kò yẹ kó tíì gbóná. Ẹ wo wáyà, torí wáyà ẹ̀rọ ayédèrú máa ń le gbagidi, ó sì máa ń kúrú. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ní kábọ́ọ̀nù rẹ̀ (èyí tó ń gbé iná wọ inú mọ́tò, tó sì máa ń jẹ tán) àti pléètì míì nílẹ̀, kí ẹ sì ra kábọ́ọ̀nù méjì pẹ̀lú ẹ̀rọ náà lọ́jọ́ yẹn.