Ilé-iṣẹ́ tàbí Adáṣiṣẹ́: Ta Ni Kí Ó Ṣe Ìkànnì Ọjà Rẹ?

Aláṣọ òkè kan ní Ìsẹ́yìn, tí ó fẹ́ kí àwọn oníbàárà òkè òkun rí ọjà rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lè gbé iṣẹ́ náà fún ilé-iṣẹ́ tí ó ń ṣe ìkànnì, tàbí kí ó wá ẹnì kan tí ó ń dá a ṣe. Owó adáṣiṣẹ́ sábà máa ń kéré, ẹni tí ó mọ iṣẹ́ gan-an ni a ó sì máa bá sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bí àìsàn bá dá a dúbúlẹ̀, iṣẹ́ dúró nìyẹn. Ní ilé-iṣẹ́, ẹlòmíràn yóò gbà á ṣe.

Èyí tí ó ká mi lára jù ni orúkọ ìkànnì, irú èyí tí ó parí sí .com.ng, tí NiRA, àjọ tí ó ń ṣàkóso orúkọ ìkànnì Nàìjíríà, ń bójú tó. Bí a bá fi orúkọ ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ gbà á, ìbáà ṣe ilé-iṣẹ́ tàbí adáṣiṣẹ́, òun ni ó ni ín lójú ìwé. Ìbéèrè ta ni yóò ni orúkọ náà ni ó yẹ kó ṣáájú ọ̀rọ̀ àwọ̀ àti àwòrán. Fún ojú ewé mẹ́rin tàbí márùn-ún, adáṣiṣẹ́ ni èmi yóò yàn. Bí oníbàárà yóò bá máa sanwó níbẹ̀, ilé-iṣẹ́ ni.