Fọ́tò ọkùnrin tó bọ́ra sílẹ̀: èwo ló yẹ kí ará Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) fi owó rà?

Ẹni tó bá fẹ́ náwó sẹ́fà lórí fọ́tò ọkùnrin oníhòòhò, ì báà fẹ́ gbé e kọ́ sára ògiri, ì báà fẹ́ tọ́jú rẹ̀ de àwọn ọmọ, kó má kọ́kọ́ béèrè iye. Kó wo ọkùnrin inú fọ́tò náà ná. Ṣé a rí ojú rẹ̀? Ṣé òun náà ń wò wá? Ṣé a mọ orúkọ rẹ̀? Àbí wọ́n kàn gé e bí ẹran alápatà, àyà lọ́tọ̀, itan lọ́tọ̀? Ohun tí mo fi ń wọn irú iṣẹ́ yìí nìyẹn, òun náà ni màá sì fi wọn àwọn ayàwòrán márùn-ún yìí fún yín.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ọ̀rọ̀ ara kò yé wa níhìn-ín. Láti Kétu dé Ṣábẹ̀ẹ́ dé Àjàṣẹ́, a mọ egúngún tí aṣọ bò pátápátá, a sì mọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́, níbi tí ọkùnrin ti ń fi ìró àti gèlè di ara, tó ń so ọmú tí wọ́n fi igi gbẹ́ mọ́ àyà, tó sì ń jó fún àwọn ìyá. Ẹni tó mọ ohun tí bíbo ara ń sọ, yóò mọ ohun tí ṣíṣí i ń sọ.

Muybridge àti Day

Iṣẹ́ yìí ti pẹ́. Ní 1853 sí 1854 ni Eugène Durieu ti ya àwọn tó bọ́ra sílẹ̀ fún Delacroix, tó ń fi ọ̀dà ya àwòrán ní Faransé, kí Delacroix lè máa fi fọ́tò náà kọ́ bí a ṣe ń ya ara. Ìwé tí wọ́n lẹ̀ wọ́n mọ́ wà ní ilé ìkàwé ìjọba ní Paris, kò sí lọ́jà.

Èyí tó wà lọ́jà ni ti Eadweard Muybridge. Yunifásítì Pennsylvania ni wọ́n ti ṣe é, wọ́n sì gbé e jáde ní 1887 ní páálí 781, pẹ̀lú orúkọ Animal Locomotion. Ọkùnrin ń rìn, ọkùnrin ń sáré, ọkùnrin ń ju òkúta, méjì ń jìjàkadì, gbogbo rẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Adúláwọ̀ kan wà nínú wọn, Ben Bailey, akànṣẹ́. Wọ́n gbé ìlà onígun mẹ́rin sẹ́yìn rẹ̀, kí wọ́n lè fi wọn gígùn apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìyẹn dùn mí nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, ó sì ń dùn mí di òní. Síbẹ̀, orúkọ rẹ̀ kò sọnù, a sì rí i bó ṣe ń ju ẹ̀ṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ tí owó rẹ̀ kò pọ̀, páálí Muybridge kan ni mo máa ní kó rà, torí wọ́n tẹ̀ ẹ́ púpọ̀, kò sì wọ́n bíi ti àwọn yòókù. Ẹ ṣọ́ra, nítorí pé ní 1979 wọ́n tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀ ní ìwé ńlá mẹ́ta, ojú ewé ìwé náà sì rọrùn láti fà ya kí a sì pè é ní ògbólógbòó. Ẹ mú awò tó ń sọ nǹkan di ńlá, kí ẹ wo apá kan tó ṣókùnkùn, bí abẹ́ apá tàbí irun. Tí ẹ bá rí àmì tóótòòtó tó tò lẹ́sẹẹsẹ, ẹ̀rọ ìgbàlódé ló tẹ̀ ẹ́. Ti 1887 kò ní tóótòòtó kankan. Yíǹkì rẹ̀ yọ́ wọnú ara wọn ni. Páálí rẹ̀ sì tóbi, ó fẹ̀ tó sẹ̀ntímítà 61, ó ga tó 48, wọ́n sì tẹ nọ́ńbà àti ọdún 1887 sí ìsàlẹ̀.

F. Holland Day ti Boston yàtọ̀. Òun kò wọn ẹnikẹ́ni. Ẹwà ló ń wá. Ní 1897 ó ya Ebony and Ivory: ọkùnrin dúdú kan jókòó ní ìhòòhò lórí awọ ẹkùn, ó di ère funfun kékeré kan mú, ó sì ń wò ó. Fọ́tò náà rẹwà púpọ̀. Ṣùgbọ́n ère funfun yẹn ni ìmọ́lẹ̀ bà lé jù, ọkùnrin náà sì di òjìji tó gbé e dání. Iná jó situdíò Day ní 1904, nítorí náà iṣẹ́ rẹ̀ ṣọ̀wọ́n, owó rẹ̀ sì ga. Èmi ò ní náwó bẹ́ẹ̀ lórí rẹ̀.

Mapplethorpe àti Fani-Kayode

Ibí yìí ni ìfiwéra gidi wà. Ọdún kan náà ni Robert Mapplethorpe, ayàfọ́tò ará Amẹ́ríkà, àti Rotimi Fani-Kayode kú, 1989. Ọkùnrin ni àwọn méjèèjì fẹ́ràn, wọn ò sì fi í pa mọ́. Ọkùnrin dúdú ni àwọn méjèèjì yà jù nínú iṣẹ́ tí wọ́n fi ń rántí wọn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n tilẹ̀ mọ ara wọn ní New York.

Ní ti ìmọ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ rọ́ Robert Mapplethorpe sẹ́yìn. Ẹ wo Ajitto, tó yà ní 1981: ọkùnrin kan jókòó lórí àpótí, ó ká eékún mọ́ra, ó tẹ orí ba lórí eékún. Ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán bí idẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù, ojú rẹ̀ nìkan ni ẹ ò ní rí. Ní 1986, Mapplethorpe kó irú èyí jọ sínú ìwé Black Book. Ó fi orúkọ àwọn kan sí i, mo sì fún un ní iyì ìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀kan tí ọjà ń sáré tọ̀ ni Man in Polyester Suit ti 1980, tí kò ní orí, tí kò ní orúkọ. Kóòtù, ọwọ́, àti ohun tí ṣòkòtò kò bò. Ní 2015, Sotheby's lù ú ní gbàǹjo ní 478,000 dọ́là. Ẹ wo ohun tí owó yẹn ń sọ fún wa nípa ohun tí wọ́n fẹ́ rí lára ọkùnrin dúdú.

Glenn Ligon, ayàwòrán adúláwọ̀ ti Amẹ́ríkà, já ojú ewé 91 nínú Black Book, ó fi férémù sí wọn, ó sì to ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn oríṣiríṣi sáàárín wọn, àwọn tó ń yìn ín àti àwọn tó ń bínú. Ó parí rẹ̀ ní 1993. Ẹni tó bá ra Black Book, kó wá iṣẹ́ Ligon yìí wò pẹ̀lú rẹ̀.

Rotimi Fani-Kayode, ọmọ tiwa ni. Èkó ni wọ́n ti bí i ní 1955. Bàbá rẹ̀ jẹ́ Balógun Ifẹ̀. Ìjà òṣèlú lé ìdílé wọn lọ sí England ní 1966. Ó kọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé òun jẹ́ àjèjì lọ́nà mẹ́ta: nínú ìfẹ́, nínú ilẹ̀ tí òun ń gbé, àti nínú ohun tí àwọn òbí òun retí. Ohun tó wá ṣe ni pé ó gbé ara ọkùnrin padà sọ́dọ̀ òrìṣà. Nínú Sonponnoi (1987), àmì funfun kún ara ọkùnrin náà bí ẹni tí Ọbalúayé fọwọ́ kàn, ó sì gbé àbẹ́là síwájú ara rẹ̀. Ẹni tó dàgbà ní Àjàṣẹ́, tó mọ bí a ṣe ń bẹ̀rù Sànpọ̀nná tí àwọn Gùn ń pè ní Sakpata, kò nílò alálàyé kankan. Nínú Bronze Head, ọdún kan náà, orí idẹ Ifẹ̀ wà nísàlẹ̀, ìhòòhò ọkùnrin sì wà lókè rẹ̀. Àgbà Ifẹ̀ lè bínú sí èyí, mi ò sì ní bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n kò sí ibi kankan nínú iṣẹ́ rẹ̀ tí mo ti rí ọkùnrin gẹ́gẹ́ bí ẹran títà. Ara tí ó yà ń bọ nǹkan, ara tí ó yà ń jìyà, ara tí ó yà ń yọ̀.

Tí owó yín bá tó fún ọ̀kan nínú méjèèjì, ẹ ra Fani-Kayode.

Ní ti ẹ̀dà, fọ́tò Mapplethorpe sábà máa ń jẹ́ ẹ̀dà mẹ́wàá péré. Èyí tí wọ́n fọ nígbà ayé rẹ̀ sábà máa ń ní ìbuwọ́lù rẹ̀. Èyí tí wọ́n fọ lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní òǹtẹ̀ Robert Mapplethorpe Foundation, tó dá sílẹ̀ ní 1988. Ti Fani-Kayode, Autograph ní London, ẹgbẹ́ àwọn ayàfọ́tò tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ alága àkọ́kọ́ rẹ̀, ni kí ẹ kọ̀wé sí. Ẹ̀dà tó fọ fúnra rẹ̀ ṣọ̀wọ́n, nítorí ọdún 34 péré ló lò láyé.

Agbodjelou, ti ìlú yìí

Leonce Raphael Agbodjelou, Àjàṣẹ́ ni wọ́n bí i sí ní 1965. Bàbá rẹ̀, Joseph Moïse, ti ya ará ìlú yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó kú ní 2000. Ní 2012 ọmọ náà ya Musclemen: àwọn gẹ́ńdé tó ń gbé irin, wọ́n bọ́ ẹ̀wù, wọ́n di òdòdó rọ́bà mú, aṣọ aláràbarà wà lẹ́yìn wọn. Kì í ṣe ìhòòhò pátápátá, ẹni tó bá ń wá ìyẹn kó mọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọkùnrin yìí ń wo ojú yín tààrà. Wọ́n fẹ́ kí a rí àwọn. Ẹ lè gbé e kọ́ sí palọ̀ láì jẹ́ pé àna yín á yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, èyí tí mi ò lè sọ nípa Bronze Head.

Tí ẹ bá ti gbé e dé ilé

Ọ̀sà kò jìnnà sí wa, ọ̀rinrin rẹ̀ kì í sì í gba ìwé láyè. Muybridge, tó jẹ́ yíǹkì, ló lè fara dà á jù. Fọ́tò dúdú-òun-funfun ti Mapplethorpe àti Fani-Kayode ní oje tó ń wú tí omi afẹ́fẹ́ bá pọ̀. Ó máa ń bu, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ dígí. Ẹ sọ fún oníférémù kó fi páálí tí kò ní ásíìdì pààlà sáàárín fọ́tò àti dígí, kó sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ rí ẹ̀yìn rẹ̀ gbà. Fọ́tò aláwọ̀ ti Agbodjelou, oòrùn ni ọ̀tá rẹ̀. Ògiri tó kọjú sí fèrèsé kọ́ ni ẹ máa gbé e kọ́.

Bí ẹni tó ń tà á kò bá lè sọ ọdún tí wọ́n fọ ọ́, ẹni tó fọ ọ́ àti nọ́ńbà ẹ̀dà, ẹ fi í sílẹ̀ fún un. Bí ó bá sì jẹ́ ọmọdé ni ẹni inú rẹ̀, tàbí tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò dájú, ẹ má fọwọ́ kàn án, bó ti wù kí orúkọ ayàwòrán náà tóbi tó.